Oògùn Àtọ̀gbẹ Tó Ń Gbèjà Ọkàn

Láti Onípáànù ní Ṣómólú títí dé etí ọ̀sà Ìlàjẹ ní Bàrígà, nílùú Èkó, agbára káká ni ènìyàn fi lè rí òpópónà tí kò ní kẹ́míìsì. Ẹni tó bá wọlé tó ní òun ń wá oògùn ṣúgà, metformin ni olùtajà máa kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ó ti pẹ́ nígboro, owó rẹ̀ kò ga tó ti àwọn yòókù, àwọn bàbá àti ìyá tó ń lò ó sì mọ kóró funfun rẹ̀ bí ẹni mọ owó. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì gbọ́ ni pé iṣẹ́ oògùn ṣúgà ti kọjá ṣúgà nìkan. Ìwádìí lórí ìwádìí ti fi hàn pé àwọn kan nínú oògùn àtọ̀gbẹ máa ń dáàbò bo ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀, débi pé àwọn dókítà ọkàn ti ń kọ wọ́n fún ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ṣómólú gidigidi. Àdúgbò òṣìṣẹ́ ni. Ní òpópónà Shipeolu àti àyíká rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà àti pósítà olóṣèlú fún gbogbo Èkó, àwọn mìíràn kì í kúrò nídìí ẹ̀rọ títí ilẹ̀ fi ń ṣú nígbà tí iṣẹ́ bá wọlé. Búkà ni oúnjẹ ọ̀sán. Ohun tó bá wà ni ti alẹ́. Awakọ̀ dáńfó, aránṣọ, ìyá tó ń yan ẹja ní Ìlàjẹ, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò fún wọn láàyè láti lọ jókòó de dókítà ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ní tirẹ̀ kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Ó lè wà lára ènìyàn fún ọdún mẹ́wàá láìjẹ́ kí orí fọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan.

Iye tó wà nílẹ̀ ń dẹ́rù bani. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkúgbé darí gbé àbọ̀ ìwádìí gbogbo orílẹ̀-èdè jáde ní 1997, nǹkan bí ènìyàn 2 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rí pé ó ní àtọ̀gbẹ. Ní 2018, àwọn onímọ̀ tó kó oríṣiríṣi ìwádìí Nàìjíríà jọ ṣírò rẹ̀, wọ́n ní ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 6. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru ló burú jù. Ìṣirò tí Davies Adeloye àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fún ọdún 2020 fi hàn pé nǹkan bí àgbàlagbà mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló ní in. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, nǹkan bíi 29 péré ló mọ̀ pé àwọn ní in, nǹkan bíi 12 ló ń lo oògùn, àwọn tí ìfúnpá wọn ti wálẹ̀ síbi tó yẹ kò sì pé 3.

Ibi tí èyí ń gbé ènìyàn lọ hàn kedere ní Abẹ́òkúta. Ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà níbẹ̀, Dókítà Okechukwu Ogah àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkọsílẹ̀ aláìsàn 452 tí ọkàn wọn ti dẹnukọlẹ̀, ìyẹn ni pé ọkàn náà kò lè tú ẹ̀jẹ̀ jáde bó ṣe yẹ mọ́: ẹsẹ̀ á wú, mímí á nira, ẹni náà á ní láti ki ìrọ̀rí mẹ́ta bọ abẹ́ orí kó tó lè sùn. Nínú àbọ̀ tí wọ́n gbé jáde ní 2014, ìpíndọ́gba ọjọ́ orí àwọn aláìsàn náà kò ju nǹkan bí ọdún 57 lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì fa ti bíi 78 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n ń pè ní THESUS-HF, tó kó aláìsàn 1,006 jọ láti orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án nílẹ̀ Áfíríkà, tó jáde ní 2012, bá a ní ọdún 52. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ẹni àádọ́rin ọdún sókè ni àìsàn yìí sábà máa ń mú. Tiwa ń dé nígbà tí ọmọ ṣì wà ní yunifásítì, tí ilé kò tíì parí. Ọkàn wa ń darúgbó ṣáájú ọjọ́ orí wa.

Báwo ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe ń darúgbó? Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ ròlà. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ṣì tuntun, ó máa ń rọ̀, ó sì ń gba yíǹkì dáadáa. Bó bá pẹ́, á gan, ojú rẹ̀ á máa dán, á bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kò yàtọ̀ sí i. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó tẹ́ inú rẹ̀, èyí tó ń ṣe èròjà kan tó ń jẹ́ nitric oxide. Èròjà yìí ló ń mú kí iṣan náà gbòòrò nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń kọjá. Ọjọ́ orí, ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá gíga àti sìgá ló ń ba awọ náà jẹ́. Bí iṣan bá ti gan, ọkàn á máa fi ipá ti ẹ̀jẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Ògiri ọkàn á kọ́kọ́ nípọn nítorí wàhálà yìí, lẹ́yìn náà ni agbára rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Ọ̀nà kan náà ni rọpá-rọsẹ̀ àti àìsàn kídìnrín ń gbà wọlé.

Metformin ló kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn onímọ̀ fura pé oògùn àtọ̀gbẹ lè ṣe nǹkan kan sí èyí. Inú ewé ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ewé kan wà ní Yúróòpù tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Galega officinalis, tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń lò láyé àtijọ́. Èròjà tí wọ́n rí nínú rẹ̀ ló darí àwọn oníkẹ́mísìrì sí metformin, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Dublin ní 1922. Ọdún 1957 ni dókítà ará Faransé kan, Jean Sterne, ròyìn bó ṣe ṣiṣẹ́ lára aláìsàn àtọ̀gbẹ. Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí i títí di 1994.

Láti 1977 ni àwọn olùwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Robert Turner àti Rury Holman ti Oxford ṣíwájú wọn ti ń tẹ̀lé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní àtọ̀gbẹ. Nígbà tí èsì jáde ní 1998, ohun kan ya wọ́n lẹ́nu. Nínú àwọn aláìsàn tó sanra, àwọn 342 tí wọ́n fún ní metformin kò fi bẹ́ẹ̀ ní ṣúgà tó dára ju àwọn tó ń lo ìnsúlíìnì tàbí oògùn mìíràn lọ, síbẹ̀ àìsàn ọkàn òjijì wọn fi ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tó kàn ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ. Ikú náà fi ìdá 36 dín. Ènìyàn 342 kò pọ̀, òtítọ́ ni, àwọn onímọ̀ sì ti jiyàn lé e lórí láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún wo àwọn aláìsàn náà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, àǹfààní náà ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀rù ló bí àwárí tó tóbi jù. Ní 2007, Steven Nissen, dókítà ọkàn ní Cleveland Clinic ní Amẹ́ríkà, ṣírò àbọ̀ ìwádìí tó wà lórí rosiglitazone, oògùn àtọ̀gbẹ kan tó ń tà wàràwàrà nígbà náà. Ó rí i pé ó dà bí ẹni pé àìsàn ọkàn òjijì fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lára àwọn tó ń lò ó. Oògùn tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, tó tún ń pa ọkàn lára! Ariwo ta. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ ta oògùn àtọ̀gbẹ tuntun gbọ́dọ̀ fi ìwádìí ńlá hàn pé kò ní pa ọkàn lára. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ráhùn nítorí owó tí yóò ná wọn. Bí kì í bá ṣe àṣẹ náà, ó ṣeé ṣe kí a má tíì mọ ohun tí a mọ̀ lónìí.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, níbi àpérò àwọn dókítà àtọ̀gbẹ ní Stockholm, wọ́n ka èsì ìwádìí kan tó ń jẹ́ EMPA-REG OUTCOME. Ohun tí wọ́n ń wá kò ju pé kí empagliflozin, oògùn àtọ̀gbẹ tuntun kan, má ṣe ọkàn ní ibi. Aláìsàn 7,020 láti orílẹ̀-èdè 42 ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ló ní àtọ̀gbẹ àti àìsàn ọkàn tàbí ti iṣan ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì tẹ̀lé wọn fún bí ọdún mẹ́ta. Nínú ẹgbẹ̀rún kan tó gba kóró òfìfo, ìyẹn èyí tí kò ní oògùn nínú, nǹkan bí ènìyàn 59 ni àìsàn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ pa. Nínú ẹgbẹ̀rún tó gba empagliflozin, nǹkan bíi 37 ni. Àwọn tó dèrò ilé ìwòsàn nítorí ọkàn tó dẹnukọlẹ̀ náà fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún dín. Àwọn dókítà inú gbọ̀ngàn náà pàtẹ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ èsì náà.

Bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn láti yé. Iṣẹ́ kídìnrín ni láti sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Nínú ọjọ́ kan, nǹkan bíi gíráàmù ṣúgà 180 ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, lára ẹni tí ara rẹ̀ le, kídìnrín á sì fa gbogbo rẹ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ ń gbà padà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní SGLT2. Empagliflozin, dapagliflozin àti canagliflozin, ọmọ ìyá kan náà tí orúkọ gbogbo wọn parí sí gliflozin, ló ń dí ọ̀nà náà. Ṣúgà bíi gíráàmù 60 sí 80 á bá ìtọ̀ jáde lójúmọ́, iyọ̀ àti omi díẹ̀ á tẹ̀ lé e. Ìfúnpá á wálẹ̀ díẹ̀, ẹrù ọkàn á fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó láti ṣàlàyé àǹfààní tó yára hàn láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn olùwádìí gbà pé oògùn náà tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn nínú ẹran ara ọkàn àti nínú awọ iṣan ẹ̀jẹ̀.

Ọdún 2019 ló mú ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ àwọn dókítà àtọ̀gbẹ nìkan. John McMurray ti Glasgow àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fún ènìyàn 4,744 tí ọkàn wọn ti ń rẹ̀ ní dapagliflozin tàbí kóró òfìfo. Ó ju ìdajì wọn lọ tí kò ní àtọ̀gbẹ. Nínú ọgọ́rùn-ún tó gba kóró òfìfo, nǹkan bíi 21 ni àìsàn náà burú sí i lára wọn tàbí tí àìsàn ọkàn pa. Nínú ọgọ́rùn-ún tó gba oògùn, nǹkan bíi 16. Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún alátọ̀gbẹ àti ẹni tí kò ní in. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n dán empagliflozin wò lára àwọn tí ọkàn wọn ṣì ń fún pọ̀ dáadáa ṣùgbọ́n tó ti gan, irú èyí tí ọjọ́ ogbó àti ẹ̀jẹ̀ ríru sábà máa ń fà. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ 72. Àwọn dókítà kò tíì fi bẹ́ẹ̀ rí oògùn tó ṣe irú ọkàn bẹ́ẹ̀ lóore rí. Eléyìí fi ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún dín àpapọ̀ ikú àìsàn ọkàn àti ìgbàtọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn kù. Kídìnrín pàápàá jẹ nínú àǹfààní náà.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń darúgbó wá ńkọ́? Ní Yunifásítì Missouri ní Amẹ́ríkà, Camila Manrique-Acevedo àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fún eku tó ti dàgbà ní empagliflozin. Iṣan ẹ̀jẹ̀ àwọn eku náà rọ̀ ju ti àwọn tí kò gbà á lọ, awọ inú rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ dáadáa sí i. Ní 2020, àwọn olùwádìí mìíràn ní Amẹ́ríkà kéde pé canagliflozin fi nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún kún ẹ̀mí akọ eku. Ti abo eku kò gùn sí i rárá. Eku kì í ṣe ènìyàn, akọ kì í sì í ṣe abo, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má torí èyí lọ ra oògùn láti fi dènà ogbó.

Nǹkan kan wà tó yẹ kó ká àwa ilẹ̀ Yorùbá lára. Nínú ìwádìí Stockholm yẹn àti ti McMurray, àwọn aláwọ̀ dúdú kò ju nǹkan bíi 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọkàn tí wọ́n dán oògùn wò lára rẹ̀ jẹ́, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọkàn arúgbó aláwọ̀ funfun tí ọ̀rá ti dí iṣan rẹ̀. Ti Abẹ́òkúta jẹ́ ti ẹni ọdún 57 tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti fojú rẹ̀ rí màbo. Kò sí ìdí láti rò pé oògùn náà kò ní ṣiṣẹ́ fún wa, àmọ́ ẹ̀tọ́ wa ni kí wọ́n wò ó lára wa. A sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Ní 2019, Dike Ojji ti Yunifásítì Àbújá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí CREOLE jáde, nínú èyí tí àwọn dúdú 728 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà nílẹ̀ Áfíríkà ti gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì méjì papọ̀. Wọ́n rí i pé àpapọ̀ tó bá ní amlodipine nínú ló ń mú ìfúnpá wa wálẹ̀ jù. Amlodipine wà ní kẹ́míìsì Ṣómólú lónìí, kò sì wọ́n bíi gliflozin.

Owó ni ìdènà tó kù. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà wá ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ́jà, owó oògùn tó ń ti òkè òkun wá ti fò sókè. Lọ́dún náà gan-an ni GSK kéde pé àwọn yóò ti ilé iṣẹ́ àwọn ní Nàìjíríà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi ẹbí gliflozin sínú ìwé oògùn tó ṣe kókó láti 2021, àwọn ilé iṣẹ́ Íńdíà sì ti ń ṣe èyí tó rọjú. Síbẹ̀, ó ṣì wọ́n ju metformin lọ fíìfíì. Àwọn abẹ́rẹ́ bíi semaglutide, tó fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín àpapọ̀ ikú àìsàn ọkàn, àìsàn ọkàn òjijì àti rọpá-rọsẹ̀ kù nínú ìwádìí kan tó kó ènìyàn 17,604 tó sanra jọ, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2023, tún jìnnà sí wa jù bẹ́ẹ̀ lọ: owó rẹ̀ ga, ó sì nílò fíríìjì níbi tí iná kò ti dúró.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní Ṣómólú àti Bàrígà kò ní í ṣe pẹ̀lú oògùn tuntun. Kí ènìyàn mọ iye ìfúnpá rẹ̀ àti iye ṣúgà rẹ̀ ni. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù lè ṣe é, Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò Gbàgádà kò sì jìnnà. Ẹni tó bá ti ní àtọ̀gbẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú tàbí tó ń mí gúlegúle bó bá gun àtẹ̀gùn, ni ọ̀rọ̀ gliflozin kàn ní tààràtà. Kó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ bóyá ó tọ́ sí òun. Bó bá sì wà lórí ètò adójútòfò ìlera ìjọba Èkó tó ń jẹ́ Ìlera Èkó, kó béèrè bóyá ètò náà á san lára owó rẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé ṣebí ewé ni metformin, ṣebí ara èèpo igi ápù ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí phlorizin, baba ńlá gliflozin, ní 1835. Kí ló wá burú nínú àgbo? Ìbéèrè tó dára ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n wọn èròjà inú ewé náà, wọ́n dán an wò lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n sì sọ èyí tó léwu nù. Phenformin, tó jẹ́ ẹbí metformin, ti kúrò lọ́jà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láti nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1970 nítorí pé ó ń mú kí ásíìdì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Àgbo inú ike tí wọ́n ń gbé kiri kò ní ìwọ̀n, bí ènìyàn bá sì pa á pọ̀ mọ́ oògùn ilé ìwòsàn, kídìnrín ló lè jìyà rẹ̀.

Oògùn tuntun náà ní ewu tirẹ̀. Ṣúgà inú ìtọ̀ máa ń fa ìyúnra lójú ara, pàápàá fún obìnrin, nítorí náà ìmọ́tótó ṣe kókó. Ó lè mú omi ara gbẹ, nítorí náà ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń dà láàmú tàbí tó ń bì gbọ́dọ̀ kàn sí dókítà kó tó lo ti ọjọ́ náà. Ẹni tó fẹ́ gba ààwẹ̀, ì báà ṣe ti Ramadan tàbí ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ gbọọrọ ti ṣọ́ọ̀ṣì, gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ ọ́ ṣáájú, torí pé ebi pẹ̀lú oògùn yìí lè mú kí èròjà kan tó ń jẹ́ kítónì pọ̀ lẹ́jẹ̀, èyí tó lè gbẹ̀mí ènìyàn bí ṣúgà rẹ̀ kò tilẹ̀ ga. Wọ́n máa ń dá a dúró ní ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Kì í ṣe fún àwọn tó ní àtọ̀gbẹ irú kìíní, ìyẹn irú èyí tó jẹ́ pé ìnsúlíìnì ni wọ́n fi ń gbé ayé. Metformin náà, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ló fi ń kí ọ̀pọ̀ ènìyàn káàbọ̀. Jíjẹun sí i máa ń dín ìyẹn kù, ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an kò sì gbọ́dọ̀ lò ó.

Ó ku ohun kan tó ti dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tó ń lo gliflozin lè rí i pé èèrà ń ṣù bo ibi tó tọ̀ sí, bí wọ́n bá sì ki ìwé àyẹ̀wò bọ ìtọ̀ rẹ̀, ṣúgà á pọ̀ nínú rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Oògùn náà ló ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé àtọ̀gbẹ ti burú sí i, ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ tó ń lò ó fún ọkàn náà á sì rí bẹ́ẹ̀. Kó ti sọ orúkọ oògùn rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ láàbù kó tó tọ̀ sínú ike, kí wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ wo ṣúgà rẹ̀ dípò ìtọ̀.